Kànga Kẹsàn-án

Lẹ́yìn ògiri bíríkì kan ní Leicester,
níbi tí wọ́n ti ń rọ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ nígbà kan,
mo kúnlẹ̀ nínú òtútù oṣù Èrèlé,
mo ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ kànga kẹsàn-án
bí ẹni tó fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ lápá aláìsàn.
Ẹnu kànga náà ò fẹ̀ ju ẹnu ife lọ.
Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara.
Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Nílé wa, a máa ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́.
Níbí, agbè ò fọ́, omi ò sì dànù.
Oògùn tí wọ́n fi ń bọ́ ọ̀rá kúrò lára irin
ni wọ́n ń dà sẹ́yìn ilé fún ogún ọdún.
Ó wúwo ju omi lọ,
ó rì, ó rì, ó wá ibi jókòó sí nínú yanrìn,
ó ń tú díẹ̀díẹ̀ sínú omi abẹ́ ilẹ̀
bí ìbínú àgbà tí kì í pariwo.

Ọ̀gá mi, Rhiannon, ò mú katakata wá.
Àgbá omi wàrà ló gbé wá,
omi tó ṣẹ́kù nígbà tí wàrà bá dì tán
ní ilé alábẹ́ òrùlé pupa kan lọ́nà Melton.
Ó kó èèpo igi páìnì,
ó kó èèpo akàn tí wọ́n lọ̀ kúnná ní etíkun Norfolk.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ọbẹ̀ lẹ fẹ́ sè ni?
Ó ní, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó máa jẹ ẹ́ ti wà nísàlẹ̀,
ebi ló ń pa wọ́n.

Orí abẹ́rẹ́ kan á gba gbogbo ìlú wọn.
Afẹ́fẹ́ tí èmi ń mí, ikú ni fún wọn;
ikú tí èmi ń sá fún, òun ni wọ́n ń mí.
Bí wọ́n bá ti yó,
wọ́n á máa yọ kiloríìnì kúrò lára oró náà,
ẹyọ kan, ẹyọ kan,
bí ìyá tó ń yọ eegun ẹja fún ọmọ.

Ní oṣù keje, èsì burú ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.
Rhiannon ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ̀rọ̀.
Oró àkọ́kọ́ ń lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tó bí le ju ìyá rẹ̀ lọ.
Mo ní ká fa gbogbo rẹ̀ síta.
Ó ní: Má ṣí ìkòkò. Kò tíì jinná.

Ọ̀gbẹ́ni Hasmukh Solanki máa ń wá dúró lẹ́yìn wáyà,
fìlà onírun á bò ó létí,
ìró Kampala ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí.
Lọ́jọ́ kan, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí igun ògiri:
“Ibẹ̀ yẹn. Èmi ni.
Garawa méjì, ní gbogbo alẹ́ Jímọ̀.
Wọ́n ní kí n dà á, mo dà á. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní.”

Ẹni tó da omi síwájú...
òwe náà dé ètè mi, mo gbé e mì.
Mo ṣí wáyà fún un.
Mo bu omi wàrà, mo gbé e lé e lọ́wọ́.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
síbẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ta sílẹ̀.

Àná ni èsì kànga kẹsàn-án dé.
Oró ti tán níbẹ̀. Ohun tó kù nínú omi
ni afẹ́fẹ́ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń pọ́n.
Mo rántí ìyá àgbà ní Ìpetumodù,
àpò sìmẹ́ńtì tó fi ń di ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn,
bó ṣe ń gbá wa lọ́wọ́: ẹ má ṣí i, ó ku ọjọ́ méjì.

Kànga kejìlá ṣì burú.
Lọ́la, a ó gbé wàrà míì wá.